Ètò Tí A Rọ ní Ibi Méjì

Omi ti bo ẹsẹ̀ mi kí n tó gbà pé ilẹ̀kùn náà kò ní í tì.

Ilẹ̀kùn kékeré ni, kò ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ. Inú táńkì onídígí ni a gbé e sí láàárín ilé àgbẹ̀dẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń dán ètò, ìlànà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, wò kí a tó gbé e lọ sára odi tí ń dá òkun dúró. Mo ti fi ètò tuntun sínú rẹ̀. Mo ti ṣí pọ́ńpù kí ìgbì lè gbéra láti apá kejì. Ohun tí ó yẹ kí ilẹ̀kùn ṣe kò ju pé kí ó rí ìgbì lókèèrè, kí ó sì tì. Ó rí i lóòótọ́, nítorí pé iná orí rẹ̀ di pupa. Ṣùgbọ́n ó dúró. Ó dúró bí ẹni tí ó ní gbogbo àkókò ayé lọ́wọ́. Ìgbà tí ìgbì ku díẹ̀ kó kàn án nímú ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, jẹ́jẹ́, bí ìyàwó tuntun. Ìgbì gba ẹnu rẹ̀ kọjá, ó fo etí táńkì, ó sì balẹ̀ sórí tábìlì tí Lúyì gbé oúnjẹ rẹ̀ sí.

"Yéè! Púpurú mi o!" Lúyì gbé abọ́ sókè, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Omi ń kán láti ìdí abọ́ náà. "Orímisàn, ìlú lo ní o fẹ́ gbà là. Oúnjẹ mi ńkọ́?"

"Ṣebí ẹja lo fi ń jẹ ẹ́? Jẹ́ kó lúwẹ̀ẹ́."

"Ẹja gbígbẹ ni! Ẹja gbígbẹ ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ odò!"

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, títí àwa méjèèjì fi wo ojú fèrèsé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rín wa sì kú.

Ọkọ̀ ìkólọ ni ó wà níta odi. Ó funfun, ó ga ju ilé àgbẹ̀dẹ lọ, okùn rẹ̀ sì ti wà lára àwọn òpó wa láti àná. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: ÀYÈ WÀ FÚN GBOGBO YÍN. Kò sí ọmọ Ìdúró, ìlú wa yìí, tí kò mọ ohun tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wá ṣe. Ìlú etíkun tí ó bá ti wọ inú rẹ̀ kì í padà sílé mọ́. Bí ẹni ìkẹyìn bá ti gòkè tán, ìjọba Òkè, lórí ilẹ̀ gíga lọ́hùn-ún, á gé odi ìlú náà, wọ́n á jẹ́ kí òkun wọlé, wọ́n á sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lára àwòrán ilẹ̀.

"Ọ̀gá ọkọ̀ tún pè lórí rédíò," ni Lúyì wí. "Ó ní bí ilẹ̀kùn wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò bá lè tì pa pọ̀ kí omi òṣùpá tó dé, ká máa di ẹrù wa. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ o. Bí ẹni tó ń pe èèyàn wá jẹun."

"Omi òṣùpá kò ní í dé kí ó tó di ọ̀sán ọ̀la."

"Ọ̀sán ọ̀la náà ni mo ń wí."

Omi òṣùpá ni ìkún òkun tó ga jù, èyí tí òṣùpá ń fà. Ètò àtijọ́ máa ń ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí òkun ṣì wà nísàlẹ̀, ìyẹn ti tó. Ṣùgbọ́n òkun tún ti ga sí i lọ́dún yìí, omi tí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ bá sì lé sẹ́yìn, ẹnu ìkẹyìn ni gbogbo rẹ̀ ń lọ gbá jọ sí. Ètò tuntun ni yóò jẹ́ kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì tì bí ìka ọwọ́ ṣe ń pa dé. Èmi ni mo kọ ọ́. Kíkọ kò ṣòro. Rírọ ni ó ṣòro, nítorí pé ètò tí a kọ sílẹ̀ kò tíì di nǹkan kan. Ó dàbí irin tí ó wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ kan ní láti rọ ọ́ kí ó tó di ohun tí ilẹ̀kùn lè gbé wọ̀.

Ọmọ Iyanrìn ni ẹ̀rọ tiwa. Iyanrìn Ìgbókọ̀dá ni a yọ́ tí a fi ṣe é, àwọn ìyá wa ni wọ́n ṣe é, irú ọkàn kan náà ni ó sì wà nínú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan lára odi. Kò yára. Àwọn ará Òkè máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí o bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ láàárọ̀, kí o lọ gbin ẹ̀gẹ́ kí o tó padà wá gbọ́ èsì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Iyọ̀ kì í jẹ ẹ́. Oòrùn kì í pa á. Kò sí ìlú etíkun mìíràn tí ó mú ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tí ó sì kọ́ ọ bí a ti ń ronú. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí òun nìkan rọ gbogbo ètò tuntun náà, omi òṣùpá á ti dé, á ti bò wá, kí ó tó rọ ìdajì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi rán an sí Àgbà Òkè, ẹ̀rọ ńlá tí ń bẹ nínú àpáta lọ́hùn-ún, tí ó lè rọ ohunkóhun kí èèyàn tó mu omi tán. Mo ní kí ó rọ ọ́ fún ara Ọmọ Iyanrìn. Ẹ̀rọ kan lè rọ ohun tí ẹ̀rọ mìíràn yóò lò, gẹ́gẹ́ bí télọ̀ tín-ínrín ti lè rán aṣọ fún oníbàárà tí ó sanra. Ìrọ ẹ̀yìn odi ni a ń pè é. Kò sí ẹni tí ó dán an wò ní Ìdúró láti ọjọ́ tí Ìrètí, ìlú etíkun kan bíi tiwa, ti rì. Òfin wà lókè ẹnu ọ̀nà ilé àgbẹ̀dẹ, irin ni wọ́n fi kọ ọ́: OHUN TÍ YÓÒ ṢỌ́ ILÉ, ILÉ NI KÍ A TI RỌ Ọ́. Mo ti sọ fún ara mi pé inú táńkì kì í ṣe ilé.

Mo kúnlẹ̀ sínú omi, mo so gíláàsì ọwọ́ mi mọ́ ilẹ̀kùn kékeré náà.

"Báwo ni ọwọ́ rẹ ṣe yá tó?" ni mo bi ètò náà.

Èsì rẹ̀ jáde sójú gíláàsì. Mo kà á. Mo tún un kà.

"Kí ló wí?" ni Lúyì bèèrè.

"Ó ní ọwọ́ òun yá bíi mànàmáná."

"Eléyìí? Tó ń rìn bí ìyàwó tuntun?"

"Ohun tí wọ́n sọ fún un ni ó ń sọ." Mo dìde. "Lúyì, gbọ́. Nígbà tí a bá ń rọ ètò, ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ń ṣe ni pé ó máa ń bi ẹ̀rọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Báwo ni o ṣe yára tó? Báwo ni inú rẹ ṣe gbà tó? Bí wọ́n bá ti dá a lóhùn, èsì náà á wọ inú eegun rẹ̀, kò sì ní í béèrè mọ́ láéláé. Òkè ni a ti rọ eléyìí. Ta ni ó wà lábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀?"

Lúyì gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Àgbà Òkè."

"Àgbà Òkè ló dáhùn, ti ara rẹ̀ ni ó sì sọ. Ètò yìí wá dé ọ̀dọ̀ wa, ó gbà pé ọwọ́ òmìrán ni òun ní. Ó rí ìgbì, ó ní, kí ni mo ń kánjú sí? Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ ni n óò tì."

"Irú rẹ̀ ni ó pa Ìrètí."

Ohùn náà wá láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá Àgbẹ̀dẹ ni, Ìyá Ẹbísùwà, olórí gbogbo àwa tí ń rọ ètò ní Ìdúró. A kò mọ ìgbà tí ó dé. Lúyì dọ̀bálẹ̀ sínú omi láìbìkítà fún aṣọ rẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ má fi otútù pa ara yín." Ó rìn dé ibi táńkì, ó fi ìka kan kan orí ilẹ̀kùn kékeré náà, tí ó wá ti tì pátápátá báyìí tí kò sí ìgbì kankan mọ́. "Mo wà lórí ọkọ̀ kan létí odi Ìrètí lọ́jọ́ náà. Mo fi ojú mi rí ilẹ̀kùn Ìrètí. Gbogbo ayé ní ó kọ̀ láti tì. Kò kọ̀ o. Ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, bí eléyìí gan-an."

Gbogbo ìlú ni ó mọ̀ pé Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni olórí àgbẹ̀dẹ Ìrètí. Gbogbo ìlú ni ó tún mọ̀ pé a kì í dárúkọ náà. Wọ́n ní ó ta ilẹ̀kùn fún Òkè ni.

"Màmá," mo ní, "wọn kò tà á. Ẹni tí kò yẹ kó dáhùn ni ó dáhùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó gbójú sókè. Ojú rẹ̀ gbẹ.

"Kí lo fẹ́ ṣe sí i?"

"Ma, kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà ètò yìí ni ó ń béèrè ọ̀rọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò bìkítà. Èyí tó ń ṣírò ìgbì, èyí tó mọ ọjọ́ òṣùpá, èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ilẹ̀kùn kan dé èkejì, ibikíbi tí a bá ti rọ wọ́n, bákan náà ni wọ́n máa rí. Àwọn ni eegun, àwọn ló sì wúwo. Ẹ jẹ́ kí Òkè rọ eegun. Ọwọ́ àti ojú, àwọn tó ń béèrè, wọn ò pọ̀. Kí a rọ ìyẹn nílé."

"Òfin ní ilé."

"Òfin ní ohun tí yóò ṣọ́ ilé, Ma. Ọwọ́ ni ó ń ṣọ́lé."

"Orímisàn, má ṣe lọ́yà fún mi." Ṣùgbọ́n kò bínú. Ó wo fèrèsé, ó wo ọkọ̀ funfun náà. "Lọ rọ ọ́. Mi ò tíì sọ pé yóò wọlé o. Mo ní kí o rọ ọ́."

*

Bọ̀dá Fọlárìn ni ó ń tọ́jú Àgbà Òkè. A kò tíì fojú kan ara wa rí, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, láti inú wáyà tó gba abẹ́ ọ̀sà kọjá. Ohùn ẹni tó máa ń jẹ iyán dáadáa ni.

"Àbúrò, ẹ̀yà yín kan ń ṣe bí wèrè níbí."

"Kí ló ṣe, Bọ̀dá?"

"Èyí tó ń ṣírò ìgbì. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ rọ òòlù kékeré kan, kí òun tó fi òòlù náà lu ìyókù. Mo ní kó rọ ọ́. Ó rọ ọ́. Ó wá ní kí Àgbà Òkè gbé òòlù náà. Àgbà Òkè ò lè gbé e! Ẹ̀rọ tó ń gbé òkè nídìí, òòlù kékeré kò ṣeé gbé fún un!"

Mo di ojú mi. Mo gbìyànjú láti rí i lọ́kàn mi, àgbẹ̀dẹ ńlá inú àpáta, òmìrán tí ó di nǹkan mú tí kò mọ bí yóò ti lò ó.

"Bọ̀dá, ta ni ẹ rọ òòlù náà fún?"

"Fún Ọmọ Iyanrìn. Ṣebí ohun tí o wí nìyẹn? O ní gbogbo rẹ̀, fún Ọmọ Iyanrìn."

"Èmi ni mo ṣì í wí. Òòlù náà kò ní í wá sí Ìdúró, Bọ̀dá. Iṣẹ́ níbẹ̀ ni ó fẹ́ ṣe, bí ó bá parí, ẹ óò jù ú nù. Ọwọ́ tí yóò gbé e ni kí ẹ rọ ọ́ fún. Àdá tí òòlù náà bá lù jáde, ìyẹn ni kí ẹ rọ fún wa."

"Òòlù fún Òkè, àdá fún Ìdúró."

"Ẹ ti gbà á."

"Háà. Àti ọjọ́ yìí tí ẹ̀yà yín ti ń kú sí mi lọ́wọ́, tí mo ń sọ pé ẹ̀rọ iyanrìn yín ni kò dáa!" Mo gbọ́ tí ó ń lu nǹkan. "Àbúrò, kí ni ẹ̀ ń ṣe wàhálà fún gan-an? Ẹ gòkè máa bọ̀. Afẹ́fẹ́ tútù wà níbí. Iṣu wà. Ilé wà."

"Ẹja ńkọ́?"

"Ẹja wà. Ti inú agolo."

"Bọ̀dá, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ fi ẹnu ara yín sọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí wáyà fi ń ké. Kí ó tó rẹ́rìn-ín tán, eegun ètò mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó mọ́, ó le, ilà Òkè sì wà lára kọ̀ọ̀kan. Ilà ni ẹ̀rọ máa ń kọ sí ohun tí ó bá rọ, kí ẹni tí ó bá rí i lè mọ ibi tí wọ́n ti bí i. Ti Òkè jẹ́ ilà ìbú kan tó gùn. Tiwa dàbí ìgbì mẹ́ta.

Mo wá yíjú sí Ọmọ Iyanrìn, mo gbé ọwọ́ àti ojú ètò fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo fẹ́ràn kíkùn rẹ̀ láti kékeré, ó dàbí ìgbà tí ìyá bá ń fi orin sun ọmọ, tí òun fúnra rẹ̀ ti ń tòògbé. Mo jókòó tì í. Mo gbọ́ ìbéèrè, mo gbọ́ ìdáhùn. Báwo ni o ṣe yára tó? N kò yára. Báwo ni inú rẹ ṣe gbà tó? Níwọ̀nba. Kò purọ́, kò tijú. Mo rò pé bí gbogbo èèyàn bá lè dáhùn báyẹn nígbà tí ayé bá bi wọ́n léèrè, ìdajì wàhálà ayé ìbá ti tán.

Nígbà tí a so ọwọ́ ilé mọ́ eegun Òkè tí a gbé e sínú táńkì, mo tún ṣí pọ́ńpù. Iná di pupa, ilẹ̀kùn sì ti gbéra kí ìgbì tó dìde dáadáa. Ó mọ̀ pé òun kò yára. Nítorí náà, ó tètè bọ́ sọ́nà. Ó tì, gbàgà! Ìgbì fi orí sọ ọ́, ó sì padà síbi tó ti wá.

Lúyì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń di ẹrù ní àdúgbò fi sáré wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti gun odi. Mo jókòó ti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, mo jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ rọ ọwọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò rí bákan náà. Ẹ̀kẹta ti darúgbó, ìpẹtà wà ní orúnkún rẹ̀. Nígbà tí mo parí, Lúyì ń dúró dè mí ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Ilà ńkọ́?" ó ní.

"Ilà wo?"

"Má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Gbogbo eegun yẹn, ilà Òkè ló wà lójú wọn. O fẹ́ dúró níwájú Baálẹ̀, kí o ki oríkì ètò yìí sétí gbogbo ìlú, kí o wá sọ pé Òkè ni wọ́n ti bí eegun rẹ̀? Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ìkólọ wà lẹ́nu odi? Wọ́n á jù ọ́ sómi." Ó sún mọ́ mi. "Jẹ́ kí n tún ilà kọ fún wọn. Kò ní í pẹ́. Ìgbì mẹ́ta, ó tán. Ta ló máa mọ̀?"

Mi ò lè sọ pé kò wọ̀ mí létí. Mo wo ìsàlẹ̀. Àwọn èèyàn ti jókòó sórí ẹrù wọn ní etí odi. Ìyá mi wà láàárín wọn, ó di ìkòkò rẹ̀ sínú àwọ̀n ìpẹja, ó sì ń ṣe bí ẹni tí kò sunkún. Bí mo bá sọ òtítọ́ tí wọ́n bá kọ̀, gbogbo wọn yóò wọ inú ọkọ̀ funfun yẹn kí oòrùn tó yẹ̀ lórí, kò sì ní sí ibi tí à ń pè ní Ìdúró mọ́. Bí mo bá purọ́, ilẹ̀kùn yóò tì. Mo mọ̀ pé yóò tì.

"Ṣé ìwọ lo bí i ni?" mo bi Lúyì.

"Kí ni?"

"Tí o fẹ́ kọ ilà sí i lójú."

"Orímisàn, kì í ṣe àsìkò ẹ̀fẹ̀."

"Mi ò ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nǹkan á bàjẹ́ lára ètò yìí. Ohun gbogbo ń bàjẹ́. Ẹni tí yóò tún un ṣe, a lè ti kú. Yóò wo ilà. Bí ilà bá purọ́ fún un, ibi tí kò bàjẹ́ ni yóò máa wá a sí, omi yóò sì dé bá a níbẹ̀. Kí ló ṣe Àwẹ̀ró? Kò sí ẹni tó lè wí pé eegun yìí láti ibí ni, ọwọ́ yìí láti ọ̀hún ni. Wọ́n wo gbogbo rẹ̀ papọ̀, wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni."

Ó wò mí bí ẹni tí ó kọ́kọ́ rí mi. "O dárúkọ rẹ̀."

"Mo dárúkọ rẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. "Bí wọ́n bá jù ọ́ sómi," ó ní, "èmi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa o. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀."

*

Àṣà Ìdúró ni pé ètò kì í wọ ara odi láìki oríkì rẹ̀. Ẹni tí ó rọ ọ́ ni yóò dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí yóò fi ohùn sọ ìdílé rẹ̀ fún gbogbo ìlú. Lẹ́yìn náà, Ìyá Àgbẹ̀dẹ yóò fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé irin ilẹ̀kùn, yóò ní, "Wọlé," odi yóò sì gbà á. Bí kò bá sọ ọ́, a jẹ́ pé ètò náà ti di àlejò tí a dá padà.

Òkun ti ga. Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, ó ń mí bí ẹran ńlá. Baálẹ̀ jókòó sórí àpótí, nítorí pé wọ́n ti di àga rẹ̀ mọ́ ẹrù. Mo la ẹnu mi.

"Ètò ilẹ̀kùn mẹ́fà, ọmọ atètè-bọ́-sọ́nà,
ọmọ ẹni tí kò yára tí kò sì pẹ́.
Ìlú méjì ni wọ́n ti rọ ọ́, n kò ní í fi ọ̀kan pa mọ́.
Eegun ìṣirò rẹ, Òkè ni.
Eegun òṣùpá rẹ, Òkè ni.
Ahọ́n tí o fi ń pe ẹnìkejì rẹ, Òkè ni."

Ariwo sọ. Ọkùnrin kan kígbe pé, "Ìrètí! Ẹ rántí Ìrètí!" Àwọn kan ti dìde lórí ẹrù wọn. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ohùn mi kò gbà fún un.

"Ojú rẹ tí ń wo ìgbì, ilé ni.
Ọwọ́ rẹ tí ń fa irin, ilé ni.
Iyanrìn Ìgbókọ̀dá ni ó rọ ọ́,
iyanrìn tí a tẹ̀ dàgbà, tí ó tẹ̀ wá dàgbà.
Wọ́n bi ọ́ léèrè bí o ti yára tó,
o kò wo ojú òmìrán kí o tó fèsì.
Ti ara rẹ ni o sọ."

Ìgbà tí mo dákẹ́, òkun nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀. Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

"Ọmọ mi, ìbéèrè kan ni mo ní. Nígbà tí ó béèrè bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe yá tó, ta gan-an ni ó dá a lóhùn? Àgbẹ̀dẹ ni?"

"Rárá, Bàbá. Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ni ó dáhùn fún ara rẹ̀. Mo gun odi láàárọ̀, mo jókòó tì wọ́n."

"Ẹ̀kẹta náà?"

"Ẹ̀kẹta ní orúnkún ń dun òun, Bàbá. Ó ní kí a jẹ́ kí òun máa ṣáájú àwọn yòókù."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín láàárín èrò. Lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn. Kò sí ọmọ Ìdúró tí kò mọ ilẹ̀kùn kẹta, a máa ń gbọ́ igbe rẹ̀ láti orí ibùsùn wa. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá yíjú sí Ìyá Àgbẹ̀dẹ, gbogbo ìlú sì yíjú tẹ̀ lé e.

Ó rìn wá. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé irin.

"Ẹ gbọ́ mi," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi, Àwẹ̀ró, ni ó kọ́kọ́ gbìyànjú ohun tí ọmọ yìí ṣe lónìí. Kò tà yín. Ohun kan ṣoṣo ni kò mọ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni láyé tí ó mọ̀ ọ́n nígbà náà. A ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ní orúkọ Àwẹ̀ró, ọmọ àgbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ Ìrètí." Ó fi ọwọ́ tẹ irin náà. "Wọlé."

Odi gbà á. Mo gbọ́ ọ tí ó ń sáré láti ẹnu kan dé èkejì, tí ilẹ̀kùn ń pe ilẹ̀kùn. Iná wọn di pupa, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ̀kẹta kọ́kọ́ gbéra, ó sì fi igbe bọnu bí ó ti máa ń ṣe, àwọn márùn-ún yòókù sì tẹ̀ lé e. Wọ́n pa dé bí ìka. Omi òṣùpá dé, ó gbé ara rẹ̀ lé odi, odi kùn, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wa sì kùn pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí òkun láti abẹ́ rẹ̀.

Apá òkè odi wa, dígí ni, ó tẹ̀ bo ìlú lórí bí igbá. Omi ń gun dígí náà, aláwọ̀ ewé, oòrùn ọ̀sán sì ń là á kọjá sí wa lójú. Ọkọ̀ ìkólọ ń bá a gòkè. Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sókè, títí tí a fi ń wo abẹ́ rẹ̀, tí ìdí rẹ̀ fi fò lórí wa bí ìkùukùu, tí ìsán, ìkarahun òkun tó lẹ̀ mọ́ ọn, fi hàn lára rẹ̀ tí àwọn ọmọdé sì ń nàka sí i. Ilẹ̀ Ìdúró gbẹ. Ìyá mi ti ń tú ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ lára àwọ̀n.

Rédíò tó wà lọ́wọ́ Baálẹ̀ dún. Ohùn ọ̀gá ọkọ̀ jáde, kò pẹ̀lẹ́ mọ́, ẹ̀rù ń bà á. Òkun nìkan ni ó rí níbi tí ìlú wà.

"Ìdúró! Ìdúró! Ẹ dáhùn! Níbo ni ẹ wà?"

Baálẹ̀ na rédíò náà sí mi. Mo gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo gbójú sókè sí ìdí ọkọ̀ rẹ̀.

"A wà nílé," ni mo wí.